Kíkà ni tàbí wíwọ̀n? Bí mo ṣe yanjú ìṣirò ìṣeéṣe

Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó ti ìṣirò méjìlá lórí ìṣeéṣe tí olùkọ́ wa ní kí a yanjú kí ìdánwò tó dé. Ohun tó dà mí láàmú ni pé n kò mọ èyí tó jẹ́ ti binomial (iye ìgbà tí ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú iye ìgbìyànjú kan) yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti normal (ìwọ̀n tó ń kó jọ sí àárín, tí ìlà rẹ̀ rí bí agogo), fọ́múlà tó bá kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni mo sì ń lò.

Ọjà Bódìjà ni ojú mi ti là. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta gàrí àti ẹyin níbẹ̀, mo sì bá oníbàárà kan lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fẹ́ ra ẹyin mẹ́wàá àti gàrí kóńgò méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń mú ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i wò bóyá ó ti sán, ó sì ń kà á sókè. Nígbà tó kan gàrí, ó bù ú títí ó fi ga ju ẹnu kóńgò lọ, ó sì fi èènì lé e. Ẹyin ni a ń kà, gàrí ni a ń wọ̀n. Ẹyin tó sán kò lè jẹ́ mẹ́ta àbọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé kóńgò gàrí méjì lórí òṣùwọ̀n tó péye, ìwọ̀n wọn kò ní dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé: kíkà ni èyí, tàbí wíwọ̀n? Bí ó bá jẹ́ kíkà, mo wo binomial; bí ó bá jẹ́ wíwọ̀n, mo wo normal.

Ìṣirò kìíní jẹ́ ti kíkà. Bí ìṣeéṣe pé ẹyin kan sán bá jẹ́ 0.1, kí ni ìṣeéṣe pé ó kéré tán ẹyin 3 sán nínú 10? Dípò kí n ṣírò 3, 4, 5 títí dé 10, mo ṣírò èyí tí a kò fẹ́, mo sì yọ ọ́ kúrò nínú 1. Kí ìkankan má sán jẹ́ 0.3487, kí ẹyọ kan sán jẹ́ 0.3874, kí méjì sán jẹ́ 0.1937. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.9298, nítorí náà ìdáhùn jẹ́ 0.0702.

Nọ́ńbà 45 tó wà nínú ìṣirò ẹyin méjì (45 × 0.1² × 0.9⁸ = 0.1937), ìyẹn iye ọ̀nà tí méjì fi lè sán nínú 10, ni kò yé mi, títí mo fi rántí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dojú délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256, nítorí pé 2 ni a fi ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. (Ìtumọ̀ odù wà lọ́wọ́ àwọn babaláwo, iye rẹ̀ nìkan ni mo ń sọ.) Bí ojú méjì péré bá ṣí, àkọ́kọ́ lè wà ní ibi 8, ìkejì ní ibi 7 tó kù, èyí tó jẹ́ 56, ṣùgbọ́n a ti ka méjì-méjì náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó di 28. Bákan náà ni ẹyin: 10 lọ́nà 9, kí a pín in sí méjì, 45 ni. Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò yìí gbà pé sísán ẹyin kan kò kan èkejì. Bí ọkọ̀ tó kó ẹyin bá já sínú kòtò, ọ̀pọ̀ ni yóò sán pa pọ̀, binomial kò sì ní bá a mu mọ́.

Ìṣirò wíwọ̀n ni mo ti ṣàṣìṣe. Àpò gàrí wọ̀n 1,000 gíráàmù ní ìpíndọ́gba, standard deviation rẹ̀ (bí ìwọ̀n àwọn àpò ṣe ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó) sì jẹ́ 20. Kí ni ìṣeéṣe pé àpò kan kò tó 970? Mo yọ 1,000 kúrò nínú 970, mo fi 20 pín in, ó di −1.5, èyí tí a ń pè ní z. Mo wo 1.50 nínú tábìlì normal, tó ń sọ ìṣeéṣe pé nǹkan kéré ju z kan lọ, mo rí 0.9332, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo ya ìlà tó rí bí agogo, tí mo fi 970 sí apá òsì àárín rẹ̀, mo rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: ìdajì àwọn àpò ló wọ̀n ju 1,000 lọ, báwo ni èyí tó pọ̀ jù lọ kò ṣe ní tó 970? Ìdáhùn tó tọ́ ni 1 yọ 0.9332, ìyẹn 0.0668. Láti ìgbà náà, mo máa ń ya agogo náà kí n tó ṣí tábìlì.

Èyí tó gbẹ̀yìn da àwọn méjèèjì pọ̀: bí a bá ju owó ẹyọ irin sókè ní ìgbà 100, kí ni ìṣeéṣe pé orí yóò hàn ní ìgbà 60 ó kéré tán? Kíkà ni, ṣùgbọ́n Abraham de Moivre ti fi hàn ní 1733 pé bí iye ìgbà bá pọ̀, agogo náà lè dúró fún binomial. Ìpíndọ́gba jẹ́ 50, standard deviation jẹ́ 5. Nítorí pé 60 tí a kà gba àyè láti 59.5 dé 60.5 lórí ìlà wíwọ̀n, 59.5 ni mo fi bẹ̀rẹ̀: z jẹ́ 1.9, ìdáhùn sì jẹ́ 0.0287. Ìṣirò binomial gan-an fún wa ní 0.0284. Ká ní mo fojú fo ààbọ̀ yẹn ni, z ì bá jẹ́ 2, ìdáhùn ì bá sì jẹ́ 0.0228.