Bí Nọ́ọ̀sì Ṣe Lè Múra Ìdánwò Ìwé Àṣẹ Iṣẹ́ Òkè Òkun Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá pinnu pé òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti lọ ni pé ìwé wo ni kí òun kà. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì kàn, nítorí pé nínú gbogbo ètò yìí, ìwé ẹ̀rí ló ń dá ènìyàn dúró ju ìdánwò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ dunjú lè máa retí oṣù kan tẹ̀lé òmíràn kó tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, kìkì nítorí pé orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀ kò bára mu. Bí a ṣe to ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni kí ẹ ṣe tẹ̀lé wọn.

Ẹ kọ́kọ́ mú orílẹ̀-èdè kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Amẹ́ríkà ń lo ìdánwò NCLEX-RN, tí àjọ NCSBN ń ṣe ètò rẹ̀. Ìlú Ọba ní tirẹ̀ ń lo ìdánwò onípele méjì lábẹ́ àjọ NMC, tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀: CBT, èyí tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí a sì lè ṣe kí a tó kúrò nílé, àti OSCE, èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣe lójú olùdánwò, tó jẹ́ pé ọ̀hún nìkan ni a ti lè ṣe é. Ẹni tó bá yan Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tún yan ìpínlẹ̀, nítorí pé ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ènìyàn láṣẹ láti ṣe ìdánwò, ohun tí ọ̀kan sì ń béèrè lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní ti owó, NCLEX jẹ́ 200 dọ́là, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é níta Amẹ́ríkà yóò fi 150 dọ́là kún un. CBT jẹ́ 83 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n OSCE ń lọ sí 794 pọ́n-ùn, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń bá ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ san. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ kankan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Àwa Yorùbá kì í ní orúkọ ẹyọ kan. Orúkọ tí ìyá bàbá sọ ọmọ lè wà níwájú lórí ìwé ọjọ́ ìbí, kí orúkọ ìrìbọmi wà níwájú lórí ti WAEC, nígbà tó bá sì wọlé ọkọ, orúkọ ọkọ á dé orí pásípọ́ọ̀tù. Gbogbo wa nílé mọ̀ pé ènìyàn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Amẹ́ríkà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdánwò yóò dá ẹni tí orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó fi forúkọ sílẹ̀ padà. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí tábìlì, kí ẹ kà wọ́n lẹ́tà sí lẹ́tà. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, ẹ gbé ìyípadà orúkọ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì jẹ́ kí Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti Nàìjíríà náà tún un ṣe lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni lókè òkun.

Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún òkè òkun pé nọ́ọ̀sì tòótọ́ ni yín. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gbé òfin tuntun jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí òun gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, àti pé ètò náà yóò gbà tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìwọ́de lórí rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ohun tó kàn wá níbí ni pé oṣù mẹ́fà yẹn kò yẹ kó bá ènìyàn lójijì: ẹ kọ̀wé béèrè ní kété tí ẹ bá ti tó ó béèrè, kí ẹ sì máa kàwé bó ti ń lọ lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ máàkì láti ilé ẹ̀kọ́ náà ń gbà àsìkò. Ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ tààrà sí àjọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún Amẹ́ríkà, ìyẹn CGFNS, tí wọ́n ń pè ní TruMerit báyìí. Ẹni tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Onítẹ̀bọmi níbí tàbí ní Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó wà fún un, pẹ̀lú ọdún tó wọlé, ọdún tó jáde àti orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Fóònù nìkan kì í yanjú rẹ̀.

Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. NMC ń béèrè 7 nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ, nínú IELTS Academic. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣe OET dípò rẹ̀, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti jẹ́ ti aláìsàn àti wọ́ọ̀dù. Ọdún méjì ni èsì IELTS máa ń lò, nítorí náà, ẹ má ṣe é ṣáájú kí ìwé yòókù tó súnmọ́ òpin.

Ó wá ku ìwé kíkà. Àwọn ìdánwò wọ̀nyí kì í wá ẹni tó mọ ìwé sórí nìkan. Ẹni tí aláìsàn kò ní kú sí lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ wo irú ìbéèrè yìí. Aláìsàn mẹ́rin ló wà ní wọ́ọ̀dù: ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ẹsẹ̀ lánàá, tó ń ké pé ìrora òun ti dé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, onítọ̀ọ̀gbẹ tí ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 180 mg/dL, ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí àkókò òògùn rẹ̀ ti kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti ẹni tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ fún láàárọ̀, tí kò ké rárá, ṣùgbọ́n tí èémí rẹ̀ ń dún fíì tí ó sì ń sọ pé báńdéèjì ọrùn òun ti há jù. Ta ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá? Ẹlẹ́gẹ̀ẹ̀gẹ̀ ni, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tàbí wíwú lè máa dí ọ̀nà èémí rẹ̀ pa, ọ̀nà èémí ló sì ń ṣáájú ohun gbogbo. Ní wọ́ọ̀dù tiwa, ẹni tó ń pariwo, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń dá nọ́ọ̀sì lágara, ló máa ń kọ́kọ́ rí ìtọ́jú. Àṣà yẹn ló ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́. Bákan náà, ilé ìwòsàn inú ìdánwò ní ohun gbogbo: ìbọ̀wọ́ kì í tán níbẹ̀, ọ́síjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tó ń rán ẹbí lọ ra abẹ́rẹ́ níta. Ilé ìwòsàn yẹn ni kí ẹ fi dáhùn.

Ìṣirò òògùn kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìdánrawò ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá kọ omi 1000 ml fún wákàtí mẹ́jọ, tí okùn omi náà sì ń kán ogún ẹ̀kán fún ml kan, ẹ sọ 1000 di ìlọ́po 20, kí ẹ fi 480, ìyẹn iye ìṣẹ́jú inú wákàtí mẹ́jọ, pín in. Ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan ni. Apá ìṣirò inú CBT jẹ́ ìbéèrè 15 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, apá ìtọ́jú sì jẹ́ 100 ní wákàtí méjì àbọ̀. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tún mọ̀ pé acetaminophen ni wọ́n ń pe paracetamol, àti pé albuterol ni salbutamol wa.

NCLEX ní ìwà tirẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ kò dín ní 85, kò sì ju 150 lọ, láàárín wákàtí márùn-ún. Bí ẹ bá ń gbà á, ó ń le sí i. Bí ẹ bá ṣì í, ó ń rọ̀, ẹ kò sì lè padà sẹ́yìn. Kò sí ohun tí dídúró ní 85 sọ, nítorí pé ẹni tó yege àti ẹni tó fìdí rẹmi ló ń dúró níbẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n ti fi ìtàn aláìsàn mẹ́ta kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́fà. Ní ti OSCE, ibi mẹ́wàá ló ní tí a ti ń dán ènìyàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu àti ọwọ́ ni a sì fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀: kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, kí ẹnì kejì fọ ọwọ́ rẹ̀, kó béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí àti òògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, kó tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kàn án, kí ẹnì kẹta sì máa fi fóònù wo àkókò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ ibùdó kan tí wọ́n ti lè bá yín ṣe é, ẹ sá. Ní ọdún 2023, NMC rí ẹ̀rí màgòmágó nínú èsì CBT láti ibùdó kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí àwọn tó ṣe ìdánwò níbẹ̀ tún un ṣe, títí kan àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ọba. Ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ yege níbẹ̀ bá wọn jìyà.

Bí ìdánwò bá ku ọ̀la, ẹ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀yọ́ ṣe rí, kò sì sí ibùdó tó máa dúró de ẹni tí tírélà dí lọ́nà. Pásípọ́ọ̀tù nìkan ni kí ẹ mú wọlé. Aago àti fóònù yóò dúró síta.

Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń kéde èsì NCLEX. Ẹni tí kò bá yege yóò dúró fún ọjọ́ 45 kó tó lè tún un ṣe, wọn yóò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i tó ń fi hàn, ẹ̀ka kan tẹ̀lé òmíràn, ibi tó ti ga ju òṣùwọ̀n lọ, ibi tó ti súnmọ́ ọn àti ibi tó ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kó má padà sí ojú ewé kìíní.