Bí A Ṣe Ń Fi Darkfield àti Phase Contrast Rí Ohun Tó Mọ́ Gaara Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù

Ẹni tó bá kán omi adágún sórí slide, ìyẹn dígí pẹlẹbẹ tí a ń gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù, tó sì tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà àkọ́kọ́, sábà máa ń rò pé ẹ̀rọ òun kò lágbára tó. Ìmọ́lẹ̀ funfun báláú ló ń rí, pẹ̀lú òjìji kan tó ń sáré kọjá. Ó yí lẹ́ńsì sí èyí tó lágbára jù, ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀. Ẹ̀rọ kọ́ ló ní àléébù. Omi ló pọ̀ jù nínú ara àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó ń gbé inú omi adágún, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀, ojú wa ò sì rí nǹkan tó máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára omi tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dín ojú iris kù, ìyẹn ihò tó ṣeé ṣí, tó sì ṣeé pa dé, lára condenser, lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sábẹ́ slide. Etí nǹkan á hàn sí i lóòótọ́, àmọ́ àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ra. Àwọn mìíràn a fi aró sí i, aró sì sábà máa ń pa ẹ̀dá náà. Ọ̀nà méjì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kì í pa ohunkóhun, torí ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi darkfield bẹ̀rẹ̀, nítorí páálí dúdú kan ti tó láti ṣe é.

Darkfield

Ẹ rántí bí eruku ṣe máa ń tàn yinrinyinrin nígbà tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ìtànṣán yẹn kò wọ ojú yín tààrà. Èyí tó ta lára eruku nìkan ló dé ọ̀dọ̀ yín. Bákan náà ni a ó ṣe dí àárín ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, kó lè jẹ́ pé etí condenser nìkan ni yóò gbà jáde, kó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá láìwọ inú objective, lẹ́ńsì tó wà lókè slide. Bí kò bá sí nǹkan lórí slide, òkùnkùn biribiri lẹ máa rí. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ta lára rẹ̀ wọ inú objective, nǹkan náà á sì máa tàn nínú òkùnkùn.

Òfin kan wà tí a ò lè yẹ̀ sílẹ̀: igun ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti inú condenser gbọ́dọ̀ gbòòrò ju èyí tí objective lè gbà wọlé lọ. Nọ́ńbà kan tó wà lára lẹ́ńsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára rẹ̀, ló ń sọ bí igun náà ṣe gbòòrò tó. NA ni wọ́n ń pè é. Objective 4x sábà máa ń ní 0.10, 10x ní 0.25, 40x ní 0.65, èyí tó jẹ́ 100x tí a ń fi òróró lò sì ní 1.25. Condenser tí kò sí òróró láàárín òun àti slide kò lè kọjá 1.0 láé, kódà bí wọ́n bá kọ 1.25 sí i lára. Ìdí nìyẹn tí 4x àti 10x fi rọrùn, tí 40x fi ń fẹ́ sùúrù, tí páálí kò sì lè ran 100x lọ́wọ́ rárá. Fún 100x, ẹ nílò condenser tí wọ́n dìídì ṣe fún darkfield, tí a ń fi òróró so mọ́ slide, àti objective tó ní iris tirẹ̀ nínú tí a lè fi dín NA rẹ̀ kù.

Bí a ṣe ń ṣe páálí náà rèé:

1. Ẹ gbé condenser sókè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan slide. Ẹ lo objective 10x, kí ẹ sì yí i títí ohun tó wà lórí slide yóò fi hàn kedere.

2. Ẹ yọ eyepiece kan, ìyẹn lẹ́ńsì tí a ń gbé ojú lé, kúrò, kí ẹ wo inú ihò rẹ̀. Ẹ máa rí òbìrìkìtì ìmọ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ máa pa iris dé díẹ̀díẹ̀ títí etí rẹ̀ yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú etí òbìrìkìtì náà.

3. Ẹ má fọwọ́ kan iris mọ́. Ẹ yọ condenser, tàbí kí ẹ fi dígí kékeré wò ó láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì wọn bí ojú iris ṣe fẹ̀ tó. Ẹ gé páálí dúdú ní róbótó, kó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tóbi ju ìwọ̀n yẹn lọ. Bí ẹ bá wọn mìlímítà 12, ẹ gé 13.

4. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín gbùngbùn ike tó mọ́ gaara, tí nǹkan ò ha lára rí, tó sì bá ibi tí wọ́n ń fi fílítà sí lábẹ́ condenser mu.

5. Ẹ fi í síbẹ̀, ẹ ṣí iris sílẹ̀ pátápátá, ẹ dá eyepiece padà, kí ẹ sì tan iná dé òpin. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú kéré gan-an nínú darkfield, ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ pọ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dín in kù kí ẹ tó yọ páálí náà, kó má bàa kọ mànà sí yín lójú.

Bí gbogbo ojú àwòrán bá rí bí eérú dípò kó dúdú, páálí ti kéré jù. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló mọ́lẹ̀, kò sí láàárín; ẹ sún un díẹ̀. Bí àárín bá ṣú tí etí sì ń tàn, ẹ sọ condenser kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìrun kan.

Ìmọ́tótó ló ń ya darkfield tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára, mi ò sì lè tẹnu mọ́ ọn tó. Gbogbo ohun tó wà lórí slide ló ń tàn níbí: ojú ìka, fọ́nrán aṣọ, ọṣẹ tí a ò ṣan dáadáa. Ẹ fọ slide àti coverslip, dígí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo omi orí slide, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn wọ́n, ẹ fi ìwé tí a fi ń nu lẹ́ńsì nù wọ́n gbẹ, etí wọn nìkan sì ni kí ẹ máa dì mú láti ìgbà náà lọ. Omi tí ẹ kán sí i náà gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá nípọn, gbogbo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ń wò á máa tàn pẹ̀lú, àwòrán á sì kún fún kùrukùru.

Bí ẹ bá ṣe é bó ti yẹ, ẹ ó rí irun wẹ́wẹ́ ara Paramecium, ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan inú omi, bó ṣe ń jù, ẹ ó sì rí ìlà àti iṣẹ́ ọnà tó wà lára èèpo diatom, ewédò tíntìntín. Kódà ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tí ìmọ́lẹ̀ lásán lè fi hàn máa ń yọ. Ní 1906, darkfield ni Karl Landsteiner àti Viktor Mucha fi rí Treponema pallidum, kòkòrò tó ń fa sífílísì, láàyè.

Phase contrast

Darkfield mọ etí nǹkan fi hàn, ṣùgbọ́n ìdányinrin yẹn máa ń bo inú sẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀. Ibí ni phase contrast ti wúlò. Frits Zernike, onímọ̀ físíìsì ní Groningen ní Nẹ́dálándì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1953.

Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé ìmọ́lẹ̀ tó gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá máa ń falẹ̀ díẹ̀ ju èyí tó gba inú omi lọ. Ojú wa kò lè rí ìfalẹ̀; ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, wọ́n fi òrùka tó mọ́ gaara sínú condenser, wọ́n sì fi òrùka mìíràn tó ṣú díẹ̀ sínú objective. Ìmọ́lẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì kò dà láàmú á gba inú òrùka kejì yìí, òrùka náà á dín agbára rẹ̀ kù, á sì fi ìdámẹ́rin ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan yẹ̀ ẹ́. Èyí tí sẹ́ẹ̀lì ti yà kúrò lọ́nà á gba ẹ̀gbẹ́ òrùka kọjá. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ìfalẹ̀ á ti di ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti funfun.

Èyí kì í ṣe ohun tí a lè fi páálí ṣe. Ẹ nílò objective tí wọ́n kọ Ph (ìkékúrú phase) sí lára, condenser tó ní òrùka tó bá a mu, àti awò awọ̀nàjíjìn kékeré tí a fi ń wo òrùka méjèèjì. Objective tó jẹ́ Ph1 òrùka Ph1 ló ń lò, Ph2 sì ń lo Ph2. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti lò rí, ẹ kọjú ẹ̀yìn objective náà sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ gbọ́dọ̀ rí òrùka aláwọ̀ eérú nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan náà títí yóò fi hàn kedere, kí ẹ sì to ìmọ́lẹ̀ sí àárín. Ẹ ṣí iris sílẹ̀ pátápátá, nítorí bí ó bá pa dé díẹ̀, á gé òrùka náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi awò awọ̀nàjíjìn náà sípò eyepiece. Òrùka kan á mọ́lẹ̀, ọ̀kan á ṣú. Ẹ máa yí àwọn síkírù condenser títí òrùka ìmọ́lẹ̀ á fi wọ inú èyí tó ṣú pátápátá, láìyọ síta níbì kankan. Ibí ni kí ẹ ti lo sùúrù yín. Bí òrùka bá yọ síta díẹ̀ péré, àwòrán á ṣá. Ẹ tún un yẹ̀ wò nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ objective. Fílítà aláwọ̀ ewé máa ń jẹ́ kí àwòrán mọ́ sí i, torí wọ́n sábà máa ń ṣe òrùka objective fún àwọ̀ yẹn. Fún 40x, ẹ lo coverslip tó jẹ́ mìlímítà 0.17.

Ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ máa fi sábẹ́ rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ìwúkàrà, amoeba, bakitéríà. Slide tí wọ́n ti fi aró sí kò nílò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ lásán dára jù fún un. Ẹ ó sì rí ìmọ́lẹ̀ kan tó yí etí nǹkan ká, pàápàá bí nǹkan náà bá nípọn. Kò sí lára ẹ̀dá náà. Ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́ ọn, ẹ má sì yà á sínú àwòrán yín bí ẹni pé awọ ara rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ti ní condenser phase lè gbàgbé páálí, ó kéré tán fún 10x. Ẹ yí condenser sí òrùka Ph3, kí ẹ sì lo objective 10x. Òrùka yẹn fẹ̀ ju ohun tí objective náà lè gbà lọ, nítorí náà darkfield lẹ máa rí.