Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú sínsin òjòlá nítorí àwọ̀

Ní Abẹ́òkúta níbí, ṣàṣà ni ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ gbéyàwó tí wọn kò ní bi léèrè jínótáìpù rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ́ AS lè yá gágá, kí ó sì bí ọmọ SS bí ó bá fẹ́ ẹni bíi tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ èyí dunjú máa ń ṣìnà bí ọ̀rọ̀ bá kan Python regius, òjòlá kékeré tí ó máa ń ká rógódó bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á.

Má ṣe fi ojú lásán díwọ̀n ohun tí ó wà nínú ejò. Jíìnì àfín kì í hàn àfi bí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Bí akọ àfín bá gun abo tí kò ní jíìnì náà, gbogbo ọmọ wọn yóò jọ òjòlá inú igbó, ṣùgbọ́n bíi AS ni gbogbo wọn rí. Ẹni tí ó bá tìtorí ìrísí wọn tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ti ta ohun tí ó ń wá.

Bí irú wọn méjì bá wá gùn, ìrètí àfín jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ka ọmọ ṣáájú ẹyin. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta ayò tirẹ̀: ẹyin 6 lè pa kí àfín kankan má jáde, gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí tí ó jẹ́ SS kò ṣe sọ pé àbúrò 3 tí ń bọ̀ ti bọ́. Nínú àwọn ọmọ tí kì í ṣe àfín, ìrètí pé ọ̀kan gbé jíìnì náà jẹ́ méjì nínú mẹ́ta. Má ṣe tà á bí ẹni pé ó dájú.

Àfín kò sì jẹ́ irú kan ṣoṣo. Jíìnì ọ̀tọ̀ ni ó ń mú irú àfín tí wọ́n ń pè ní Lavender Albino wá. Bí ó bá gun àfín tí a kọ́kọ́ sọ, ọmọ aláwọ̀ igbó ni wọn yóò bí.

Ti Pastel, irú àwọ̀ òjòlá mìíràn, yàtọ̀: jíìnì kan ti tó láti hàn, méjì a sì mú àwọ̀ náà mọ́lẹ̀ sí i. (Aṣọ Ìtòkú tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀mejì kò rí bí èyí tí a rì lẹ́ẹ̀kan.) Nítorí náà, má ṣe ra ọmọ tí kò ní àwọ̀ Pastel nítorí pé ìyá rẹ̀ ní in, kò gbé nǹkan kan pamọ́.

Èyí tí n kò rí àwíjàre fún ni sínsin irú òjòlá ọlọ́nà tí wọ́n ń pè ní Spider. Jíìnì tí ó ya ọnà ara rẹ̀ náà ni ó ń mú orí rẹ̀ gbọ̀n tí ó sì ń yí biri. Kò sí akọ tí a lè fi gun abo Spider tí àrùn náà yóò fi kúrò kí ọnà ara sì kù.