Ríìmù àti Táyà Tó Yẹ Ọkọ̀ Tó Ń Rin Kòtò Ìlú Tó sì Ń Sáré Lórí Márosẹ̀

Ọkọ̀ tó bá ń gbé Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ọ̀nà méjì tí kò jọra ló ń rìn. Láàárọ̀, ó ń ti inú kòtò kan bọ́ sí òmíì ládùúgbò tí ọ̀dà ti ṣí. Kí oòrùn tó mú, ó ti wà lórí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní, ó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Kòtò ń fẹ́ táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, eré ń fẹ́ èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò rọ̀ jù. Ibi tí méjèèjì ti lè pàdé ni pé kí ẹ má fi ju íǹṣì kan lọ kún ríìmù tí ọkọ̀ bá wá, kí gíga táyà lápapọ̀ sì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Ẹ jẹ́ ká mú 195/65R15 91H, tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Corolla ọdún 2003 sí 2008. 195 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 kì í ṣe mìlímítà o: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà ni, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. 15 ni ríìmù ní íǹṣì. 91 ń sọ ẹrù tí táyà kan lè gbé, ìyẹn 615 kìlógíráàmù. H ni eré tó lè fara dà, 210 kìlómítà ní wákàtí kan. T jẹ́ 190, V jẹ́ 240.

Ìṣirò gíga rẹ̀ kò le. 195 lọ́nà 0.65 jẹ́ 126.75. Ẹ̀gbẹ́ wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di méjì: 253.5. Ríìmù 15 lọ́nà 25.4 jẹ́ 381. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di 634.5 mìlímítà. Ẹ wá fi èyí tí ẹ fẹ́ rà wé e:

205/55R16: gíga 631.9, ẹ̀gbẹ́ 112.75
215/45R17: gíga 625.3, ẹ̀gbẹ́ 96.75
205/65R15: gíga 647.5, ẹ̀gbẹ́ 133.25

Ìyàtọ̀ gíga kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Táyà 205/65R15 yẹn fi ìdá méjì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ: bí ojú mítà bá ń sọ pé 100 lẹ ń sá, 102 lẹ ń sá gan-an. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, yóò máa ha fẹ́ńdà, ọkọ̀ á sì máa lọ́ra láti gbéra.

Nínú gbogbo wọn, 205/55R16 91V la máa ń sọ pé kí èèyàn rà fún irú ọkọ̀ yìí. Ẹrù kan náà ló ń gbé, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ọkọ̀ á sì dúró dáadáa ní kọ́nà. Ẹ wo 215/45R17 ní tiẹ̀: 30 mìlímítà ti lọ nínú ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ó bá já sínú kòtò, ríìmù á fún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ etí ọ̀dà, okùn tó wà nínú rọ́bà á já, ibẹ̀ á sì wú síta. Táyà tó bá ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, fọkanáísà kankan kò lè tún un ṣe. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, torí orí eré ló máa ń bẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, 215/45R17 tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ 87, 545 kìlógíráàmù péré. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ ẹ, kó wá èyí tí wọ́n kọ XL (táyà tí wọ́n fún lágbára láti gbé ẹrù tó pọ̀ sí i) àti 91 sí. A mọ̀ pé bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀, ojú gbogbo èèyàn máa ń wà lára ríìmù 18 àti 19. Àmọ́ ọkọ̀ tó máa kó ìdílé padà sí Èkó lẹ́yìn ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ríìmù wàyí, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ihò bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ọkọ̀ mu láìkù síbì kan. Corolla tá a sọ yẹn jẹ́ 5x100: ihò márùn-ún, lórí òbírí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 mìlímítà. Camry 2002 sí 2011 àti Accord 2003 sí 2007 jẹ́ 5x114.3. Bí ẹ bá wà níwájú òkìtì ríìmù tòkunbọ̀ tí kò sí àkọlé lára rẹ̀, ẹ fi tépù wọn láti etí ọ̀tún ihò kan dé etí ọ̀tún ihò tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ 58.8 mìlímítà, 100 ni; 65.8 jẹ́ 112, 67.2 jẹ́ 114.3. Ẹ wò ó dáadáa: ìyàtọ̀ 112 àti 114.3 lórí tépù kò tó mìlímítà méjì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi spánà fipá mú un wọlé. Bóòtù á wọ́, nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, títí bóòtù á fi ṣẹ́.

Ihò bóòtù lè bára mu kí ríìmù má sì wọlé. Ihò ńlá àárín Camry jẹ́ 60.1 mìlímítà, ti Accord jẹ́ 64.1. Ríìmù Camry kò ní jókòó lórí họ́ọ̀bù Accord, ìyẹn ibi tí ríìmù ń jókòó sí lára ọkọ̀, rárá. Ti Accord á wọ Camry, ṣùgbọ́n á fi àyè sílẹ̀ yíká, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bí ẹ bá ti wọ nǹkan bíi 80 sí 110. Àwọn èèyàn á sanwó bálánsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbígbọ̀n náà kò ní lọ. Òrùka tó ń dí àyè yẹn lẹ máa rà, 64.1 sí 60.1, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún gba nọ́ọ̀tì Honda mọ́ ríìmù náà: ìdí nọ́ọ̀tì rẹ̀ rí roboto, nígbà tí nọ́ọ̀tì ríìmù alumíníọ̀mù Toyota ní wáṣà pẹrẹsẹ. Ojú skrúù méjèèjì bára mu, 12x1.5, ìdí ẹ̀ nìyí tó fi rọrùn láti ṣi wọ́n lò.

Nọ́ḿbà ET tó wà nínú ríìmù ń sọ bí yóò ṣe wọ inú tàbí yọ síta. Bí nọ́ḿbà náà bá ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ríìmù ń yọ síta. Nọ́ḿbà tó ṣáájú J ni fífẹ̀ ríìmù ní íǹṣì. Ẹni tó bá yọ 6J ET45 tó fi 7J ET40 sí i, ríìmù rẹ̀ á fi 17.7 mìlímítà yọ síta, á sì fi 7.7 sún mọ́ ṣọ́ọ̀kù. Ká tó sanwó, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín táyà àti ṣọ́ọ̀kù kí ẹ mọ àyè tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, ẹ kó èèyàn mẹ́rin sínú ọkọ̀, ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wá wo bóyá ó ń ha ibì kankan.

Ríìmù irin lè wọ́ nínú kòtò kí wọ́n sì lù ú padà. Alumíníọ̀mù máa ń là ni, èyí tí wọ́n bá sì ti fi wẹ́dà jó kò yẹ fún márosẹ̀. Ẹ pa omi ọṣẹ sí i lẹ́yìn kí ẹ tó rà á, kí táyà tó ní afẹ́fẹ́ wà lórí rẹ̀. Ibi tó bá ń hó ti là nìyẹn.

Ní ti táyà, ẹ wá nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tòkunbọ̀ lè ní ojú tó jìn kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó rọ̀, kí ẹ wo bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ spánà mọ́ nọ́ọ̀tì. Ipá tó yẹ kí wọ́n fi yí nọ́ọ̀tì Corolla dì jẹ́ 103 Nm (Newton-mítà), ẹ fi ìlànà ìràwọ̀ dì í: ọ̀kan, kí ẹ fo ọ̀kan. Lẹ́yìn bíi 80 kìlómítà, ẹ tún un dì. Afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́, torí táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju ti òtítọ́ lọ hàn lójú gẹ́ẹ̀jì.

Táyà àfirọ́pò tó wà nínú búùtù náà ńkọ́? Bí ti ọkọ̀ bá ti di 16, tó sì jẹ́ pé 195/65R15 àkọ́kọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, kò burú, gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé nọ́ọ̀tì tó bá ríìmù rẹ̀ mu wà nínú ọkọ̀, torí kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀tì ríìmù alumíníọ̀mù ló lè di ríìmù irin mú.