Omi ihò èédú: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń tọrọ àṣẹ ìlò ilẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀

Ní àwọn ìletò kan ní Durham, ní Yorkshire àti ní gúúsù Wales, ẹ lè dúró lórí afárá kí ẹ wo odò tó pọ́n rúsúrúsú bí ẹni da osùn sí i. Àgbàrá òjò kọ́ ló fà á. Irin ni. Nínú òkúta tó sún mọ́ èédú ni pyrite máa ń wà, irin àti imí ọjọ́ tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tí àwọn awakùsà ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń fa omi jáde tọ̀sán-tòru, afẹ́fẹ́ sì rọ́nà dé ara pyrite, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti ihò náà pa ni wọ́n pa ẹ̀rọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà, ó ń fọ irin àti àsíìdì bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó rí ojú ọ̀run. Tó bá wá jáde, irin inú rẹ̀ á dógùn-ún, á silẹ̀, á bo òkúta ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ á sì kú.

Àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1994 lórúkọ Coal Authority, tó di Mining Remediation Authority ní oṣù Kọkànlá 2024, ló ń bójú tó ibùdó ìtọ́jú irú omi yìí tó lé ní 80 ní England, Scotland àti Wales. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, adágún ni irin ti ń kọ́kọ́ silẹ̀, ọgbà esùsú sì ń gba ìyókù kí omi tó padà sódò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń pa odò púpọ̀ mọ́ lónìí. Ní Dawdon àti Horden ní etíkun Durham, wọ́n ń fa omi náà kó má bàa gòkè wọnú òkúta tí omi mímu àdúgbò ti ń wá. Ṣùgbọ́n kí ibùdó kan tó lè wà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sí kánsù láti tọrọ àṣẹ ìlò ilẹ̀, èyí tí gbogbo wa níbí ń pè ní planning permission. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí iṣẹ́ rere ń há sí. Mo ti ń ka irú ìwé ìtọrọ yìí fún ọdún díẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà àti iṣẹ́ kánsù nílẹ̀ yìí ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Òfin England ni màá tẹ̀ lé. Ti Scotland àti ti Wales yàtọ̀ díẹ̀.

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni kéèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí odò ń kú, kánsù ò lè kọ̀. Mo ti ka ìwé tí ojú ewé ogójì nínú rẹ̀ dá lórí ẹja àti irin, tí ojú ewé méjì péré sì sọ̀rọ̀ nípa pápá tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Omi ló ń dun ẹni tó kọ ìwé náà. Ilẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kánsù ń bi í. Òfin ọdún 2004 sọ pé ètò ìlò ilẹ̀ tí àdúgbò náà ti fọwọ́ sí ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, àyàfi tí ohun pàtàkì mìíràn bá tẹ̀wọ̀n jù ú lọ. Odò tó mọ́ jẹ́ ohun pàtàkì bẹ́ẹ̀, ó sì lè tẹ̀wọ̀n gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kí ló dé tó fi jẹ́ pápá yìí? Àwọn ibo mìíràn lẹ wò, kí ló sì bà wọ́n jẹ́? Ṣé omi lè ṣàn débẹ̀ fúnra rẹ̀, àbí pọ́ǹpù á máa tì í lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀? Tí ilẹ̀ náà bá wà nínú Green Belt, ìyẹn gbalasa tó yí ìlú ká tí òfin kò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé sí, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó yí ìletò awakùsà ká ṣe wà, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé adágún àti koríko kò ní sọ gbalasa di ìlú. Ilé pọ́ǹpù gíga àti odi irin tó yí i ká lè ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ju adágún fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi ilé náà sísàlẹ̀, ẹ kùn ún ní àwọ̀ tí ojú kò ní tètè mú.

Èkejì ni mímú àṣẹ méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Kánsù ń fún yín láṣẹ lórí ilẹ̀. Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká ní England, ló ń fún yín láṣẹ lórí omi tí ẹ máa dà sódò, iye irin tó lè wà nínú rẹ̀ àti iye tí ẹ lè dà lójúmọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀kan tó rò pé òun ti parí, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Èyí tó burú jù ni kí ẹ parí àwòrán fún kánsù kí ẹ tó bá Environment Agency jókòó rárá, torí ìwọ̀n irin ló ń pinnu ìwọ̀n ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní lítà 50 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí mílígíráàmù irin 20 sì wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù irin 1 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kílò 86.4 lójúmọ́. Ìṣirò àtọwọ́dọ́wọ́ tí àwọn ẹnjiníà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni pé mítà onígun mẹ́rin 1 nínú ọgbà esùsú lè gba gíráàmù irin 10 lójúmọ́. Ilẹ̀ tí esùsú nìkan máa gbà á wá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 8,640, ó ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Ẹ kò tíì ka adágún àkọ́kọ́ tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń silẹ̀, ẹ kò tíì ka àtẹ̀gùn tí omi ń já bọ́ lórí rẹ̀ kó lè fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ẹ kò tíì ka ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ ti kọjá hẹ́kítà 1. Bí ilẹ̀ bá sì ti tó hẹ́kítà 1, iṣẹ́ ńlá ni lójú òfin: ọ̀sẹ̀ 13 ni kánsù ní láti fi pinnu dípò ọ̀sẹ̀ 8, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò omíyalé sí i, bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ wà níbi tí omi kì í yalé.

Ìdí nìyí tí bíbu omi wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fi jẹ́ àṣìṣe olówó ńlá. Omi ihò èédú a máa pọ̀ sí i lẹ́yìn òjò ìgbà òtútù, irin inú rẹ̀ náà a máa pọ̀ sí i, a sì máa dín kù. Ẹni tó ya adágún rẹ̀ lórí omi oṣù Kẹjọ á gba àṣẹ fún èyí tí kò tó, á wá padà lọ tọrọ òmíràn. Ẹ wọn ọ́n fún ọdún kan gbáko, ó kéré tán.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun tó wúwo, ẹ béèrè lọ́wọ́ kánsù bóyá iṣẹ́ yín nílò àyẹ̀wò ipa lórí àyíká lábẹ́ òfin 2017. Ọ̀sẹ̀ 3 ni wọ́n ní láti dáhùn. Àwọn kan kì í béèrè torí wọ́n ń bẹ̀rù ìdáhùn. Tí ẹlòmíràn bá wá béèrè ọ̀rọ̀ náà ní ilé ẹjọ́ lẹ́yìn tí àṣẹ ti jáde, adájọ́ lè fagi lé gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 péré ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ 6 yẹn sì tó láti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Ní ti ìlà pupa orí máàpù, èyí tó ń fi ààlà ilẹ̀ tí ẹ ń tọrọ àṣẹ lé lórí hàn, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ẹ jẹ́ kó yí gbogbo nǹkan ká: ibi tí omi ti ń jáde, páìpù, adágún, ẹnu ibi tó ti ń padà sódò, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà dé ojú títì. Bí páìpù bá gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé tó onílẹ̀ létí kí ẹ tó fi ìwé ìtọrọ yín ránṣẹ́. Bákan náà, ẹ má rò pé torí iṣẹ́ ihò èédú ni iṣẹ́ yín, ẹ kò nílò àyẹ̀wò ewu ihò èédú. Níbi tí wọ́n bá ti kà sí ibi eléwu, wọ́n á béèrè rẹ̀, torí kò dára kí adágún yín jókòó sórí kòtò àtijọ́ tí kò sí lórí máàpù tuntun.

Èyí tó dùn mí jù lára mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dá kan wà tí wọ́n ń pè ní great crested newt, ó dà bí aláǹgbá, inú adágún ló ti ń yé ẹyin, òfin sì dáàbò bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nínú omi nípa bíbu omi lọ sí láàbù, láàárín ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni wọ́n ń gba èsì rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀, adágún kékeré kan wà ní igun pápá náà tí gbogbo wa ń wò kọjá. Oṣù Keje ni ẹnìkan tó béèrè pé ṣé a ti yẹ̀ ẹ́ wò. A kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ náà fún wa ní ká fi ìwé ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, kánsù kò gbà á, a sì dúró di oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni odò ń ṣàn ní pupa. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ibi iṣẹ́, n kì í lè wo ìsàlẹ̀ afárá.

Nítorí náà, kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, ṣáájú àwòrán. Àdán, eku omi, ẹyẹ tó ń tẹ́ ìtẹ́, oníkálùkù ló ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ má sì gé igi tàbí kí ẹ ro ilẹ̀ kí àyẹ̀wò tó wáyé. Láti oṣù Kejì 2024 ni òfin ti ní kí iṣẹ́ ńlá fi ìdá 10 nínú 100 kún ohun abẹ̀mí tó bá lórí ilẹ̀, kó sì tọ́jú àfikún náà fún ọdún 30. Ẹni tó bá ti ba ilẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2020 láìgba àṣẹ, bí ilẹ̀ náà ṣe rí kó tó bà á jẹ́ ni wọ́n máa fi ṣe ìṣirò fún un. Esùsú yín lè ràn yín lọ́wọ́ nínú ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ máa hú u lọ́jọ́ kan nígbà tí irin bá kún un. Ẹ sọ ọ́ nínú ìwé.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ń ti dójú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò. Irin tí ẹ yọ kúrò nínú omi kò pòórá, ó wà nísàlẹ̀ adágún, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì máa kó o. Mo wà ní ìpàdé kan nínú gbọ̀ngàn ìletò, a gbé àwòrán ẹlẹ́wà ró, ẹyẹ òun òdòdó. Bàbá àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ihò náà rí dìde, wọ́n ní, “Ọkọ̀ mélòó ló máa gba iwájú ilé-ìwé àwọn ọmọ kọjá, lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó?” Kò sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn lára wa. Ìpàdé náà parí níbẹ̀. Kì í ṣe pé bàbá náà kórìíra odò mímọ́. Àwọn ìletò wọ̀nyí rí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1984 sí 1985, wọ́n rí bí wọ́n ṣe ti ihò lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí Kellingley, ihò jíjìn tó kẹ́yìn, fi pa ní oṣù Kejìlá 2015. Ọ̀pọ̀ ìlérí ni wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àlejò tó gbé àwòrán dání. Ẹ lọ bá wọn kí àwòrán tó gbẹ. Ẹ béèrè ibi tí omi ti kọ́kọ́ yọ, torí wọ́n mọ kòtò tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ sọ iye ọkọ̀, ariwo pọ́ǹpù lóru, àti òórùn bí ẹyin bíbàjẹ́ tó lè jáde lára àwọn adágún tí wọ́n fi ewé jíjẹrà ṣe.

Àwa tí a ti Nàìjíríà wá kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Èédú Enugu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915 fi ihò Onyeama àti Okpara sílẹ̀, omi alásíìdì sì ń ti inú wọn jáde. Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti wà nílé láti 1992. Ó wù mí kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí níhìn-ín lọ fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Tí àṣẹ bá wá jáde, ẹ má gbé katakata wọ pápá lọ́jọ́ kejì. Ẹ ka àwọn àdéhùn tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Èyí tó bá ní “kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀” nínú, kánsù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní kíkọ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láìṣe èyí lè di iṣẹ́ tí kò bófin mu, ọdún 3 tí wọ́n sábà máa ń fún yín láti bẹ̀rẹ̀ sì ń lọ lẹ́yìn yín.

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, oṣù 6 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ má sáré. Ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ì bá mú kó gbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà ọkọ̀ tàbí ilé pọ́ǹpù ni, a sì lè tún un yà. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀: ìtọrọ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di sísan láti oṣù Kejìlá 2023.