Bí ẹgbẹ́ olórin wa ṣe bá aṣọ òfì rìn níbi ayẹyẹ kan ní Ọ̀yọ́

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, ẹgbẹ́ olórin wa, tí àwa márùn-ún jọ dá sílẹ̀ láìsí ilé iṣẹ́ agborinjáde kankan lẹ́yìn wa, kọrin níbi ayẹyẹ tí ìyá aránṣọ kan ṣe nílùú Ọ̀yọ́ láti fi àwọn aṣọ òfì tuntun tí ó rán han àwọn oníbàárà rẹ̀. Èmi ni mo ń ta gìtá, èmi náà ni mo sì ń bójú tó ètò ẹgbẹ́, nítorí náà ọwọ́ mi ni iṣẹ́ náà gbà kọjá. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, pàápàá bí a ṣe mú kí orin wa bá ẹsẹ̀ àwọn tí ó wọ aṣọ mu, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni Màmá aránṣọ náà ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ kò kúrò lọ́kàn mi títí a fi parí: "Ọmọ mi, aṣọ ni mo fẹ́ kí wọ́n wò. Bí ẹ bá kọrin tí gbogbo ojú wá lọ sára yín, ẹ ti pa mí láyò nìyẹn." A kọ ìwé àdéhùn, wọ́n san ìdajì owó, a sì fẹnu kò pé ìrìn àwọn mọ́dẹ̀lì yóò gba ìṣẹ́jú 45 ní ìpele mẹ́ta.

Mo ti ṣètò orin mẹ́fà kí n tó rí aṣọ kankan, àṣìṣe sì ni. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni a máa ń hun aṣọ òfì, tí fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju íǹṣì 4 sí 6 lọ, kí aránṣọ tó wá so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá fi èyí rán odidi ìró, aṣọ náà a wúwo, a sì le lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́, débi pé kò lè gbé ẹsẹ̀ gígùn. Ní ọjọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, mo fi orin kan tí ó ń lu ìgbà 118 ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, àwọn ọmọbìnrin tí ó ró ìró sányán (oríṣi òfì ni sányán, ẹ̀tù àti àlàárì) sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tọ orin lẹ́yìn bí ẹni tí òjò ń lé. Aṣọ kò hàn rárá. Mo ní kí a dákẹ́, mo ní kí ọ̀kan nínú wọn rìn láìsí orin, mo sì fi fóònù mi ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: 92 ni. Èkejì tó wọ ẹ̀tù rìn 95. Àwọn ọmọkùnrin tí ó wọ ṣòkòtò àti bùbá àlàárì tí kò gùn nìkan ni wọ́n lè rìn tó 110. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé aṣọ ni yóò sọ bí orin yóò ṣe yára tó. A tún gbogbo orin tò, a fi 94 ṣe ìpele kìíní, 110 ṣe ìkejì, a sì padà sí 94 fún aṣọ ìgbéyàwó tó kẹ́yìn.

Ìṣòro kejì wá láti ara agogo. Orin wa méjì dúró lórí kónkóló, ìlù agogo tí ó máa ń yí po léraléra, tí àwa tí a dàgbà síbi ìlù ti mọ̀ láti kékeré. Ìdá kéékèèké 12 ni kónkóló ní, ẹsẹ̀ mẹ́rin (ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ sí) sì ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n agogo kì í lu gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jáde. Orin inú kọ̀ǹpútà, tí ìlù ńlá máa ń tẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, ni àwọn mọ́dẹ̀lì náà fi kọ́ ìrìn, wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ sí nínú tiwa. Mi ò fẹ́ yọ kónkóló kúrò, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí orin náà jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Ohun tí a ṣe ni pé a fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ agogo kí ó máa sọ ẹsẹ̀ mẹ́rin náà ní kedere, tí gìtá báàsì sì ń tẹ̀ lé e. Láàárín ìdajì wákàtí, wọ́n ti ń rìn bí ẹni pé wọ́n bí wọn sínú rẹ̀.

Màmá tún fẹ́ kí ìyáàlù pe orúkọ ilé aṣọ wọn. Bàbá Àyàn tí ń bá wa lu ìyáàlù mi orí. Wọ́n ṣàlàyé fún Màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ìlù ń gbé jáde: bí ìlù bá dún dò-dò, ó lè jẹ́ ìlù, ó lè jẹ́ ẹ̀bà, ó sì lè jẹ́ àgbà. Orúkọ kúkúrú a máa sọnù bí kò bá sí gbólóhùn tí yóò gbé e. Nítorí náà wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, "Èèyàn ni aṣọ mi", ṣáájú orúkọ náà, kí etí àwọn ènìyàn lè ti wà lójú ọ̀nà kí orúkọ tó dé. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí ju gbogbo orin tí mo kọ lọ.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, inú ọgbà kan lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ni a pàtẹ sí. A gbé sípíkà méjèèjì síwájú máíkì gbogbo, a sì kọjú wọn sí àwọn àlejò, kí máíkì má baà máa súfèé. Máíkì ìyáàlù gbà wá ní àkókò: bí a bá sún un mọ́ ojú ìlù jù, ṣaworo nìkan ni a ń gbọ́, ìgbà tí a gbé e jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí a sì dojú rẹ̀ kọ ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti ń ba awọ, ni ọ̀rọ̀ inú ìlù tó hàn.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán ni òjò ṣú, ó sì rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. A ti fi tapólì bo àwọn ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kò ṣeé bò. Awọ ìyáàlù rọ̀, ohùn òkè rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn àárín dọ́gba. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, nítorí pé ìlù tí kò ní ohùn mẹ́ta kò lè sọ Yorùbá. Bàbá Àyàn ní kí n lọ tọrọ ẹyin iná lọ́wọ́ obìnrin tí ń yan àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ìkòkò iná náà sílẹ̀, wọ́n di ìlù mú lókè rẹ̀ níwọ̀n gígùn apá kan, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi ìka tọ́ awọ náà wò. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún un mọ́ iná, wọ́n ní, "Awọ ni, kì í ṣe ẹran." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn rẹ̀ padà. A fi ìkòkò náà sí ẹ̀yìn wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìrìn náà lọ bí a ṣe tò ó. Àwa kò dìde, a wọ aṣọ dúdú, a sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí Màmá fúnra wọn jáde gbẹ̀yìn nínú sányán, gìtá dákẹ́, Bàbá Àyàn nìkan ni ó ń lù. Bí ìlù ti ní "Èèyàn ni aṣọ mi", àwọn ìyá tí ó jókòó níwájú fi ẹnu gbà á lọ: bí mo bá bojú wẹ̀yìn tí mo rí ẹni mi, inú mi a dùn. Lẹ́yìn náà ni ìlù pe orúkọ ilé aṣọ, gbogbo wọn sì pè é tẹ̀ lé e.

Màmá san ìdajì owó tó kù kí a tó tú wáyà palẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ṣí i hàn mí: àwọn tí ó fẹ́ rán aṣọ ti pé mọ́kànlá, mẹ́ta nínú wọn sì ní ìró sányán tí ó rìn 92 yẹn gan-an ni àwọn fẹ́.