Pátíkúlà Ọkọ̀ ní Iléṣà: Àwọn Àṣìṣe Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀, mi ò tíì dé Ọ̀sú. Ọkọ̀ mi mọ́, táyà rẹ̀ le, gbogbo iná rẹ̀ ló ń tàn. Mo na pátíkúlà, ìyẹn àwọn ìwé ọkọ̀ mi mẹ́rin, sí òṣìṣẹ́ tó dá mi dúró bí ẹni tó ti sanwó tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ka ìwé àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, kí lorúkọ yín?" Mo sọ ọ́. Ó yí àwọn ìwé náà sí mi. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Orúkọ tíṣà tó ta ọkọ̀ náà fún mi ní Ìjọ̀kà ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi orúkọ olórúkọ san owó ọdọọdún.

Àlàyé tí mo ṣe lọ́jọ́ náà gùn ju ọ̀nà Ifẹ̀ lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe owó ni mi ò ní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò tọ ipa ìwé ọkọ̀ wọn, ibì kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú: wọ́n sanwó, wọn ò ka ìwé.

Orúkọ ẹni tó ta ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbélé yín

Èyí ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwa tí a ń ra ọkọ̀ tí ẹlòmíì ti lò nílẹ̀ yìí. Ẹ ra ọkọ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ gba àpò ìwé, ẹ ní "tó bá yá, a ó lọ yí orúkọ." Kì í yá. Ọdún á yípo, ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé á tún un ṣe lórúkọ ẹni àtijọ́ torí ìyẹn ló rọ òun lọ́rùn, ìwé tuntun á dé, ọkàn yín á balẹ̀.

Ẹni tó ta ọkọ̀ lè kú. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ogún ṣe ń rí láàárín wa. Àwọn ọmọ tó bá rí orúkọ bàbá wọn lórí ìwé ọkọ̀ kò ní í gba "ó ti tà á fún mi" gbọ́ lásán. Olè lè jí ọkọ̀ náà gbé, ẹ ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọn yóò ní kí ẹni tó ni ín wá fẹjọ́ sùn. Ẹ sì lè fẹ́ tà á lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó lajú kò ní í ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ìwé kò mọ̀.

Ẹni tó tà á náà kò tíì bọ́ o. Bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn tí awakọ̀ sì sá lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọn yóò fi tọpa rẹ̀, ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni wọn yóò sì kọ́kọ́ yà. Mo mọ ìyá kan ní Òkèsà tí wọ́n wá kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdájí nítorí bọ́ọ̀sì tó ti tà ṣáájú kí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó wọ yunifásítì. Ọmọ náà ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń sanwó gan-an ni kí ẹ kọ ìwé àdéhùn. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí, kí nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ojúlówó ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ọkọ̀. Fọ́tókópì kò tó. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti fọ́tókópì káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú NIN tiyín lọ sí ọ́fíìsì líséńsì fún àyípadà orúkọ. Ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ta ọkọ̀ ṣì ń gbé fóònù yín.

Tíṣà tèmi ti kó lọ sí Àkúrẹ́. Owó epo tí mo fi wá a ju owó àyípadà orúkọ lọ. Nígbà tí mo rí i, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ló ti fọwọ́ sí ìwé, èmi sì sọ iṣu márùn-ún kalẹ̀ nínú búùtù pé kó má bínú. Àwọn bàbá àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní Òṣómàáló o, àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gbowó wọn. Ọmọ irú wọn wá kó odidi owó ọkọ̀ lé ẹni lọ́wọ́, kò béèrè ìbuwọ́lù kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà ṣáásì kò ní "O"

Lábẹ́ gíláàsì iwájú, níhà ibi tí awakọ̀ ń jókòó, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ tan iná fóònù yín sí i. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn ni nọ́ńbà ṣáásì, irú rẹ̀ sì tún wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ìlẹ̀kùn awakọ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, kò sí lẹ́tà I, kò sí O, kò sí Q. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ wọ́n kúrò ni, kí èèyàn má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí òdo. Nítorí náà bí ẹ bá rí O nínú nọ́ńbà ṣáásì lórí ìwé yín, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣì í tẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin nìyẹn. Òdo méjì tẹ̀lé ara wọn lára irin ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá a kọ fọ́ọ̀mù kọ ọ̀kan ní òdo, ó kọ èkejì ní O. Téèyàn bá wò ó lórí bébà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́dún kejì tó fẹ́ tún líséńsì ọkọ̀ ṣe, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kọ lẹ́tà, tí a búra ní kóòtù, tí a gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n fojú ara wọn wò ó. Nítorí lẹ́tà kan. Ní báyìí, bí ìwé bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló máa ń dúró sí, á máa fi ìka tọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń kọ́ ábídí.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ẹ ka nọ́ńbà náà láti òsì títí dé ìkẹwàá. Ibẹ̀ ló ti ń sọ ọdún rẹ̀: 5 dúró fún 2005, 8 fún 2008, A fún 2010. Bí alágbàtà bá ń pariwo 2008 tí irin ń sọ 5, ẹ mọ ẹni tó ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì á bá yín ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wá láti Ìbàdàn, á gbé e wọ̀ ọ́, ọkọ̀ á máa dún rọra, inú yín á dùn, ìwé kò sì gbọ́ sí i. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ fi lọ tún nọ́ńbà ṣe lórí ìwé. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní rìsíìtì lè ti inú ọkọ̀ tí wọ́n jí jáde wá, ẹ̀yin ni ẹ ó sì wà nídìí ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá mọ̀. Bí ẹ bá pa ọkọ̀ láró láti funfun sí dúdú, ẹ lọ yí àwọ̀ náà lórí ìwé pẹ̀lú.

"Ẹ kó owó wá, ẹ lọ sinmi"

Àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn nítòsí ọ́fíìsì kì í ṣe olè ní gbogbo ọ̀nà. Òmíràn nínú wọn mọ iṣẹ́ ju àwọn tó wà nínú ilé lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ tó yẹ kó jí yín lójú oorun: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó owó wá, ẹ lọ sinmi." Mo sinmi nígbà kan. Mo gba ìwé ìnṣọ́ránsì tó rẹwà, tí èdìdì wà lórí rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Nígbà tí mo fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ọkọ̀ mi níbi kankan.

Iye owó ni kó kọ́kọ́ ta yín lólobó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, èyí tó ń san ohun tí ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíì títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ₦5,000 wà fún nínú ètò tuntun yẹn, ti ọ̀kadà sì jẹ́ ₦3,000. Nítorí náà bí ẹnì kan bá ṣe ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín ní ₦5,000 tó ní ẹ̀dínwó ni, yálà bébà lásán ló tà fún yín, tàbí ó ti sọ Corolla yín di kẹ̀kẹ́. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dìde níwájú ẹni tó ṣe é.

Ohun tí mo máa ń béèrè ní báyìí kò pọ̀: rìsíìtì owó tó wọ àpò ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, pẹ̀lú orúkọ mi lórí rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú, kó máa bínú.

Ti ìwé VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, tó ń jẹ́rìí pé ọkọ̀ yẹ lójú pópó tún burú jù. Ọkọ̀ á wà nílé, kò ní kúrò lójú kan, ìwé á ti dé. Ẹ ò rí i pé ara yín lẹ ń tàn? Ẹ fi bíréèkì tí ẹnikẹ́ni kò wò sọ̀kalẹ̀ àwọn òkè tó wà lọ́nà Àkúrẹ́, níhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tí tírélà wà lẹ́yìn yín, ẹ ó mọ ohun tí ìwé yẹn ń jẹ́rìí sí.

Ọjọ́ wọn kò papọ̀

Líséńsì ọkọ̀, ọdún kan. Ìnṣọ́ránsì, ọdún kan. Ìwé VIO, ọdún kan fún ọkọ̀ aládàáni, oṣù mẹ́fà fún ọkọ̀ èrò. Àwọn oní-takisí máa ń gbàgbé oṣù mẹ́fà yìí. Bí ẹ kò bá ṣe gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lè kú nínú àpò ìwé nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà láàyè, ẹni tó bá sì dá yín dúró, òkú yẹn ló máa mú jáde. Mo kọ ọjọ́ tèmi sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní pálọ̀. Ìyàwó mi ní mo ba kàlẹ́ńdà jẹ́.

Nọ́ńbà ara ọkọ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Lẹ́tà mẹ́ta tó ṣáájú nínú nọ́ńbà tuntun ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta á tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì á sì parí rẹ̀. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Èkó lè máa rìn ní Iléṣà láìsí ìyọnu. Ẹ má tìtorí pé ẹ kó wálé kí ẹ lọ gba òmíràn lé e. Bí ọ̀kan bá jábọ́, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, kí ẹ fi tọrọ òmíràn. Ẹ má gbé e lọ bá àwọn tó ń gé páànù lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ló ń pinnu bí nọ́ńbà ṣe gbọ́dọ̀ rí, ayédèrú kì í sì í pẹ́ hàn sí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gíláàsì dúdú: òfin tó de é ti wà láti 1991, kì í ṣe àná ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ bi ọlọ́pàá léèrè.

Líséńsì tiyín yàtọ̀ sí ti ọkọ̀

Ẹnu wa ló ń da méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wà á ní tiyín. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ₦15,000 ni owó ti ọdún mẹ́ta, ₦21,000 ni ti ọdún márùn-ún. Èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀ fún yín lórí bébà, ọgọ́ta ọjọ́ péré ló ń lò. Mo ti rí ẹni tó lo tirẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀, tó ká a sí mẹ́rin nínú pọ́ọ̀sì títí lẹ́tà fi pa rẹ́, kò sì padà lọ béèrè ojúlówó. Káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Àkọ́bí mi ọkùnrin fẹ́ ra ọkọ̀ lóṣù yìí, èyí tó wà ní Ìmọ́ tó wù ú gan-an. Mo ní kó má sanwó tán, kó dá díẹ̀ dúró títí orúkọ yóò fi yí padà sí tirẹ̀, kí n sì bá a ka nọ́ńbà ṣáásì. Ẹni tó ń tà á ní òun kò gba irú rẹ̀. A ti ń wo òmíràn ní Ifẹ̀.